Nǹkan kéékèèké wo lẹ ń ṣe lójoojúmọ́ tí ara yín fi le? Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ, ẹ yà síbí

Ọmọ Aláre Òde

Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ni tó bá mọ̀ dá mi lóhùn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn kó fò mí o.

Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè Ajé níbí n'Íjẹ̀bú Òde, mo ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Àwọn kan wá yẹ BP, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sunday, nígbà tó kàn mí wọ́n ní 152 lórí 94. Ọmọbìnrin tó wọ̀n ọ́n kọ ọ́ sórí pépà kékeré kan, ó ní mà, ẹ máa sinmi dáadáa o, ó bá pe ẹni tó tò tẹ̀ lé mi. Mi ò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Kò sí ibi tó ń dùn mí, orí ò fọ́ mi, mò ń ṣe òwò mi, mò ń lọ òde. Ohun tó jẹ́ kó ká mi lára ni pé ẹ̀gbà ló ṣe bàbá mi, wọn ò tíì pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta tí wọ́n fi lọ, àwọn náà ò sì ṣàìsàn kan ṣáájú tá a mọ̀ sí.

Bí ọjọ́ mi ṣe ń rí nìyí. Ọkadà ló ń gbé mi lọ sọ́jà láàárọ̀, òun náà ló ń gbé mi bọ̀. Tí mo bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó di ìgbà tí oníbàárà bá ní kí n fa aṣọ yọ kí n tó dìde. Àárọ̀ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ọ̀sán gàrí tútù pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà nítorí oòrùn, alẹ́ ẹ̀bà, ìyẹn sì máa ń tó aago mẹ́sàn-án ká tó jẹun torí mo máa kọ́kọ́ délé kí n tó dáná. Sátidé òde ni, ẹ̀yin náà mọ̀ bí ti Ìjẹ̀bú ṣe rí.

Lórí WhatsApp wọ́n á ní ká máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó gbóná, òmíràn á ní ewé báyìí, òmíràn á ní kéèyàn má jẹ gàrí mọ́ láéláé. Nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Èmi ń wá èyí tí mo lè máa ṣe títí tí mo fi máa darúgbó, tí ò ní gba owó lọ́wọ́ mi, tí ò sì ní dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ṣágámù

Àbúrò mi, o kú ọjà o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, mo wà ní Ṣágámù. Fọkàn balẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ la fi ń sọ pé èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ṣì ń jẹ́ 140 lórí 90 sókè, ìgbà yẹn ni dókítà á tó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má tìtorí èyí gbàgbé ẹ o, torí ohun tó burú nínú ẹ̀jẹ̀ ríru ni pé kì í dun ẹni tó ń ṣe, ó lè wà lára èèyàn fún ọdún púpọ̀ kó máa ba ọkàn, ọpọlọ, ojú àti kíndìnrín jẹ́ lábẹ́lẹ̀. O ti sọ̀rọ̀ bàbá ẹ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o mú tìẹ ní kíákíá.

Lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ ẹ kí wọ́n tún un wọ̀n, àmọ́ mọ bó o ṣe máa jókòó. Tọ̀ kó o tó jókòó. Fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, má gbé ọ̀kan lé ìkejì, gbé apá lé tábìlì kó bá àyà ẹ dọ́gba, kó o dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wé e mọ́ ẹ lápá, má sì sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń fún apá ẹ. Ní Rẹ́mọ wa níbí, tí obì pọ̀ lọ́jà bí nǹkan míì, mo ti rí àwọn bàbá tí obì ṣì wà lẹ́nu wọn tí wọ́n na apá sí mi pé nọ́ọ̀sì, wò mí. Kafiín wà nínú obì, ì báà jẹ́ àbàtà ì báà jẹ́ gbànja, ó lè gbé e sókè fúngbà díẹ̀, nítorí náà má jẹ obì, má mu kọfí, fún ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí ọkadà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, nọ́ńbà tó máa rí kì í ṣe tiẹ̀ gan-an.

Nǹkan tí mo fẹ́ kó o fọwọ́ mú jù lójoojúmọ́ ni iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún lóòjọ́, ìyẹn ò tó ṣíbí tíì kan tá a fi ọ̀bẹ rẹ́ orí ẹ̀ dọ́gba. Gbogbo iyọ̀ tó wọlé látàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀ o, ti inú búrẹ́dì tó ò ń jẹ láàárọ̀, ti mágí, ti núdùlù, ti ẹja oníyọ̀, ti ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ẹyin sísè lẹ́bàá títì tó máa ń bu iyọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù fún ẹ. Iyọ̀ máa ń di omi mú nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i nínú iṣan, agbára tó fi ń ti ara iṣan á sì ga.

Wo ìkọ́kọrẹ́ tá à ń sè. Lẹ́yìn tá a bá rin ewùrà tán, ata ti ń hó lórí iná pẹ̀lú epo, edé wà níbẹ̀, pańlá wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló ti ní adùn tiẹ̀, pańlá àtedé ọ̀hún tiẹ̀ ti ní iyọ̀ lára láti ọjà. Síbẹ̀ obìnrin á já mágí mẹ́rin sí i, á tún wá bu iyọ̀. Ohun tí èmi ń ṣe nìyí: mi ò ní fi iyọ̀ sí i rárá títí màá fi da ewùrà sí i ní wóróbo wóróbo, tí màá dé e pa lórí iná kékeré, tó máa jinná, tí màá rò ó pọ̀. Ìgbà yẹn ni màá tó tọ́ ọ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà mágí kan péré ló kù tí màá fi sí i. Irú, àlùbọ́sà, ata tó pọ̀, ẹja tó gbẹ dáadáa, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ adùn.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ò pa ẹnì kan, mu ún tó o bá fẹ́, kò kàn ní gbé 152 wálẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú Igbó

Ẹ kú àlàyé mà. Àmọ́ èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí le tó báyẹn. Bàbá bàbá mi n'Íjẹ̀bú Igbó, tábà ni wọ́n fi ń ṣí ojú láàárọ̀, epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń jẹ iṣu, ẹran ìgbẹ́ olọ́ràá ni wọ́n ń jẹ, ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n lò láyé, wọn ò wọn BP rí. Màmá HID Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ọdún 2015 tí wọ́n lọ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún. Kábíyèsí Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ ní 1960, ọdún 2025 ni wọ́n tó wàjà lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ilẹ̀ wa ń gbé àgbà ró. Ẹ jẹ́ ká máa mu àgbo wa, ká máa jẹ oúnjẹ wa, ká fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá àgbà tó mu tábà tó fi pé ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún la rí sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí wọ́n pẹ́ tí gbogbo ilé fi mọ̀ wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí tábà tì lọ láàádọ́ta ọdún, ta ló ń rántí ìtàn tiwọn nísìnyí? Àwọn ọmọ ọmọ wọn tiẹ̀ lè má mọ ojú wọn. Tá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá tábà ń pànìyàn, gbogbo àwọn tó mu ún la máa kà, kì í ṣe ẹni tó yè é nìkan.

Ẹ tún jẹ́ kí n bi yín sà, báwo ni bàbá ṣe ń dé oko? Ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á rìn lọ, wọ́n á ro oko, wọ́n á gé igi, wọ́n á gbé e lórí bọ̀. Tẹ́ ẹ bá kó ọ̀rá tí wọ́n jẹ sórí ìwọ̀n, ẹ gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe náà sórí ẹ̀. Àwa tá à ń gun ọkadà láti ẹnu géètì ilé ìwé dé họ́sítẹ̀lì la ò lè jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ká jókòó tì í.

Àǹtí Òkè Ajé, ibi tẹ́ ẹ máa gbà rọrùn nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 rìn kánmọ́kánmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló máa bọ́ sí lóòjọ́, kì í sì ṣe dandan kẹ́ ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, ó ti pé. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀ ń rìn ín dáadáa ni pé ẹ máa lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ ò ní lè kọrin. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa já yín sílẹ̀ kó tó dé ọjà láàárọ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ máa rin ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kẹ́ ẹ má dá a lóhùn, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáánù tó ń ta ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ló fi nọ́ńbà yẹn polówó ọjà ẹ̀ ní 1965. Kò sóhun tó burú tẹ́ ẹ bá rìn ín pé o, àmọ́ àǹfààní ti ń bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kéèyàn tó débẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ má dúró de oníbàárà kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ gbé àwọn aṣọ tí wọ́n ń béèrè jù sí apá òkè kó lè jẹ́ pé ẹ máa na ara kẹ́ ẹ tó mú un. Tí fóònù bá dún, ẹ dìde gbé e. Ìjókòó pípẹ́ gan-an ń ṣe èèyàn ní nǹkan, yálà ó rìn láàárọ̀ tàbí kò rìn.

Ìyá Onígàrí, Òdógbólú

Mo rí i tí wọ́n ń sọ pé kí wọ́n má jẹ gàrí mọ́, ó dùn mí débi tí mo fi ní kí ọmọ mi bá mi tẹ èyí. Gàrí la fi tọ́ ọmọ tó di lọ́yà. Kí ló ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń ṣe é. Tá a bá rin ẹ̀gẹ́ tán, a máa kó o sápò, a ó gbé nǹkan tó wúwo lé e, a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa kí omi ẹ̀ sì gbẹ. Kíkan yẹn ló ń jẹ́ kí ti Ìjẹ̀bú yàtọ̀ lẹ́nu. Ó tún ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe, torí májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, rírin ẹ̀, kíkan ẹ̀ àti díndín ẹ̀ nínú agbada ló ń dín in kù. Ẹni tó bá ń kánjú ta gàrí tí ò jẹ́ kó kan tó ń ṣe ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ níkà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gàrí ẹ fi ọwọ́ bu ún sẹ́nu, kó kan, kó gbẹ, kó ró wáwá léyín.

Nísìnyí, okun ni gàrí, okun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ẹni tó ń roko á lò ó tán. Ẹni tó jókòó ti aṣọ, tó mu gàrí tútù oníṣúgà lọ́sàn-án tó tún fi ẹ̀bà ńlá lé e lálẹ́ tó bá sùn, níbo ló fẹ́ lò ó sí? Àǹtí, ẹ má pa á tì. Ẹ yọ ṣúgà ẹ̀ kúrò, Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ò nílò ṣúgà lọ́wọ́ àwa tá a mọ̀ ọ́n, ẹ fi ẹ̀pà àti ẹja díndín tàbí ẹ̀wà jẹ ẹ́. Lálẹ́, kí ẹ̀bà má ju ìkúùkù ọwọ́ yín lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Kẹ́ ẹ se ọbẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ọjà, kí ọmọ kan sì máa gbé ọbẹ̀ kaná kẹ́ ẹ tó dé, kí oúnjẹ alẹ́ lè kúrò ní aago mẹ́sàn-án.

Nǹkan tó wà lọ́kàn èmi gan-an, tẹ́nì kan ò tíì sọ, ni èéfín. Àwa tá a wà ní ẹbu gàrí, èéfín igi là ń fà símú látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé, ojú á pọ́n, ikọ́ ò ní lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni. Àwọn elétò ìlera tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé èéfín yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì tún ń dá kún àrùn ọkàn àti ẹ̀gbà, bẹ́ẹ̀ àwa rò pé ojú nìkan ló ń ṣe. Látìgbà náà a ti gbé ògiri ẹ̀yìn ààrò ga, a sì fi páìpù sí i kó máa gbé èéfín lọ sókè òrùlé, igi tó bá tutù a ò ní fi dáná, a sì máa ń gba ara wa lágbada kó má jẹ́ ẹnì kan ló máa jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá tó bá gbé ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, a kì í jẹ́ kó súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi igi dáná nínú kíṣìnì tí ò ní fèrèsé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ààrò bọ́ síta.

Ọmọ Aláre Òde

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti ka ti Nọ́ọ̀sì fún ọkọ mi, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ò lè jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ nílé ara àwọn o. Ẹ jọ̀ọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe ti iyọ̀ yìí tí ò ní di ọ̀rọ̀? Ìkejì ni òde Sátidé, èèyàn ò lè sọ pé òun ò lọ, ẹgbẹ́ á bínú, iyán wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, míníráà wà níbẹ̀. Ìkẹta, oorun mi ò tó, aago méjìlá ni mo máa ń sùn, aago márùn-ún mo ti jí.

Ọkọ Àdùkẹ́, Ìpẹru

Mà, ẹ má bá wọn jà lórí iyọ̀, ẹ má tiẹ̀ sọ fún wọn. Bí ìyàwó mi ṣe ṣe é fún èmi nìyẹn. Ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, ìwọ̀n tó ń bù tẹ́lẹ̀ ló ń yọ fínńfín kúrò nínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹnu mi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìfura. Ẹnu èèyàn máa ń kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà tí mo bá jẹun níta báyìí ṣe ni mo máa ń mu omi lé e. Ó tún kó ìgò iyọ̀ kúrò lórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ kó dìde lọ sí kíṣìnì. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ọ̀rọ̀ òde, mo wà nínú régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa jọ dọ́gba, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ku díẹ̀ kó di Òjúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, òde ń ṣe lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò kì í fi ebi lọ. Màá ti jẹ ẹ̀wà díẹ̀ nílé. Tí mo bá débẹ̀, omi ni mo máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, torí ìgò míníráà kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó ṣíbí tíì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ẹni tó mu mẹ́ta ti mu ṣúgà tí ò ní bù sínú ògì ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oúnjẹ kan ni màá gbà, ìyókù wọ́n á dì í fún mi lọ sílé fáwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó bínú sí ẹni tó ń dì oúnjẹ. Tí onílù bá dé, mo dìde jó. Ijó gidi o, tí aṣọ á tutù fún òógùn, ìyẹn náà wà lára ìṣẹ́jú 150 tí ọmọ Àgọ́ Ìwòyè ń sọ. Ọtí ní tiẹ̀, ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tá a lè sọ pé kò léwu fún ara, mo ti fi sílẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ Nílùú Ọba

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí kún un kẹ́ ẹ má bàa lé òde lọ pátápátá. Níbi tí mo wà níbí, àwọn àgbà tí mò ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, oògùn ò wọ́n wọn, oúnjẹ ò wọ́n wọn, èèyàn ló wọ́n wọn. Ẹlòmíì, èmi tí mo wá fún un loúnjẹ lẹnì kan ṣoṣo tó máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ̀ lé ìgbésí ayé àwọn èèyàn kan láti ọdún 1938, títí kan àwọn ọmọ wọn, ọ̀kan nínú ohun tó hàn jù sí wọn ni pé àwọn tí àárín àwọn àti èèyàn wọn dán mọ́rán ni ara wọn le jù tí wọ́n sì pẹ́ jù. Régbérégbé, ẹgbẹ́ ọjà, àwọn obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń lọ àdúrà ìdájí, ẹ dì wọ́n mú. Màmá mi wà ní Òdè Rẹ́mọ, ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ọmọ àdúgbò kan máa ń wá bá wọn ta ayò nírọ̀lẹ́, ọjọ́ tí ọmọ náà ò bá wá mo máa ń mọ̀ ọ́n nínú ohùn wọn lórí fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ máa yà kí àwọn ìyá wa.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ṣágámù

Mo padà wá nítorí ọ̀rọ̀ oorun àti àgbo tí ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú Igbó mẹ́nu bà.

Wákàtí márùn-ún kéré. Wákàtí méje ó kéré tán ló yẹ àgbàlagbà, ẹni tí oorun ẹ̀ ò bá tó fún ìgbà pípẹ́, BP ẹ̀ àti ṣúgà ara ẹ̀ lè máa ga. Tí oúnjẹ alẹ́ bá ti yá bí ìyá onígàrí ṣe sọ, oorun náà á yá. Fi fóònù sí yàrá mìíràn. Jẹnẹrétọ̀, jọ̀ọ́, kó jìnnà sí ilé àti fèrèsé, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan gbé e sí kọ́rídọ̀ nítorí olè, gáàsì olóró inú èéfín ẹ̀ ò lóòórùn, ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn bá sọ pé o máa ń han-run gan-an, tí èémí ẹ á tún dúró díẹ̀ kó tó padà, sọ ọ́ fún dókítà, ó tan mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àgbo: mi ò bá ewé jà. Ohun tí mò ń bá jà ni àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tí wọ́n ń tà ní gáréèjì fún awakọ̀, àti èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń lo oògùn BP pé kó pa oògùn tì. Mo ti rí wọn tí wọ́n gbé wá, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á ní ara àwọn ti yá, ni àwọn fi dá oògùn dúró. Oògùn ló mú ara yá, àbúrò! Tí dókítà bá fún ẹ, òun nìkan ló lè ní kó o dá a dúró. Oògùn ara ríro tá à ń rà káàkiri náà, ibuprofen, diclofenac, ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yìn tó ń ro ó, ó lè gbé BP sókè kó sì ba kíndìnrín jẹ́. Sọ fún oníkẹ́míìsì pé o ní BP kó o tó ra oògùn ara ríro.

Nítorí ìtàn bàbá ẹ, kí gbogbo ilé mọ èyí: tí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi epo ra á lára, ẹ ò gbọdọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu, hòsípítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi yín.

Tó o bá ti ń lọ wọn BP, ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ wò pọ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ Aláre Òde

Ẹ ṣé mà, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Tuesday ni mo fẹ́ lọ. Ti ṣúgà yẹn, ṣé mo lè jẹ búrẹ́dì mi kí n tó lọ àbí kí n gbààwẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ṣágámù

Má jẹun. Jẹun alẹ́ ọjọ́ Monday kó tó pẹ́, lẹ́yìn ìyẹn omi lásán nìkan, kó tó wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹ. Tètè lọ kó o lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, kó o gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà ẹ dání kó o jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti fà á tán. Tí wọ́n bá sọ pé ṣúgà ẹ jẹ́ 126 (mg/dL) sókè, wọ́n á ní kó o padà wá tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ẹ́, padà lọ. Kó o sì gba pépà tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà BP sí, fi sínú báàgì, ìwọ ni kó o máa tọ́jú ẹ̀, dókítà tó bá máa rí ẹ lẹ́yìn ọ̀la á béèrè ẹ̀.